Mẹ́dà ìgboyà awakùsà tí a bá nílé ọkọ mi: ṣé ká lù ú ní gbàǹjo ni, àbí ká fi pa mọ́?

Ìyá Ìbejì (Pontypridd)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, torí mo mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ò wọ́n níbí.

Ọmọ Wales ni ọkọ mi. Ìyá rẹ̀ papò dà lẹ́nu àìpẹ́ yìí, a sì ń palẹ̀ ilé wọn mọ́. Nínú dúrọ́ọ̀ kan la ti bá àpótí kékeré kan, mẹ́dà wà nínú rẹ̀. Idẹ ni. Orí Ọba George Karùn-ún wà ní ojú kan. Ní ojú kejì, awakùsà kan ń ran ẹnì kejì rẹ̀ tó farapa lọ́wọ́, wọ́n sì kọ FOR COURAGE sí i. Ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ aláwọ̀ aró, àwọ̀ ìyeyè tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n gbẹ́ orúkọ bàbá ìyá ọkọ mi sí etí mẹ́dà náà. Inú kùsà èédú ní Rhondda ni bàbá náà ti ṣiṣẹ́ láti kékeré. Ìwé kan tó ti fẹ́ ya wà lábẹ́ àpótí, pẹ̀lú ewé ìwé ìròyìn tí wọ́n gé sílẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi ti gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Ẹnì kan ti kọ̀wé sí i pé òun á san owó lójú ẹsẹ̀, pé kó má wulẹ̀ fi han ẹlòmíràn. Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú. Wọ́n tún ń sọ pé ká nù ún kó dán kó lè fa ojú àwọn tó máa rà á. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní ká tà á ká pín owó, ọkọ mi ò tíì sọ nǹkan kan. Kí ni nǹkan yìí gan-an? Báwo la ṣe máa ṣe é tí a ò fi ní kábàámọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àlàmú Owó-Àtijọ́ (Birmingham)

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn.

Nǹkan méjì kí ẹ tó kà síwájú: kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan nu mẹ́dà yẹn, kí àbúrò ọkọ yín má sì dá ẹni yẹn lóhùn. Ẹni tó ní kí ẹ má fi han ẹlòmíràn mọ iye tó tó, kò sì fẹ́ kí ẹ̀yin mọ̀ ọ́n.

Edward Medal lẹ ní lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn awakùsà. July 1907 ni Ọba Edward Keje dá a sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú kùsà àti níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, tí wọ́n bá fi ẹ̀mí ara wọn wewu láti yọ ẹlòmíràn. Nígbà tó di 1909, wọ́n ṣe ẹ̀yà kejì fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ yòókù. Fàdákà ni ipele kìíní, idẹ ni ipele kejì. Owó ìjọba kọ́ ni wọ́n fi rọ ọ́ o. Àwọn olówó kan, tí àwọn tó ni kùsà wà lára wọn, ló dáwó sílẹ̀ fún un.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé idẹ lásán ni. Ní 1913, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ èédú ní Britain lé ní mílíọ̀nù kan. Síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi pa àmì-ẹ̀yẹ náà tì, 395 péré ni ti awakùsà tí wọ́n fún èèyàn, fàdákà àti idẹ pa pọ̀. 64 nínú rẹ̀ ló sì ti ibì kan ṣoṣo wá, ìyẹn kùsà Wellington ní Whitehaven, níbi tí èèyàn 136 ti kú nínú iná ní May 1910.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gbà á, torí àwọn ìbejì á bi yín léèrè lọ́jọ́ kan. Tí kùsà èédú bá bú gbàmù, iná nìkan kọ́ ló ń pani. Gáàsì carbon monoxide tó máa ń kù sílẹ̀ lẹ́yìn ìbúgbàmù náà ló ń pa ọ̀pọ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó bá fà á símú, orí á máa fọ́ ọ, ara rẹ̀ á rọ, á jókòó díẹ̀ kó lè sinmi, kò sì ní dìde mọ́. Awakùsà tó dúró lókè lẹ́nu kànga, ìyẹn ihò tí wọ́n ń gbà wọ inú kùsà, mọ gbogbo èyí. Ó mọ̀ pé iná ṣì lè bú lẹ́ẹ̀kejì, pé òrùlé ilẹ̀ ti mì, ó lè wó nígbàkígbà. Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún un kó wọlé. Ó wọlé, torí ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ṣì máa mí nísàlẹ̀. Bàbá ìyá ọkọ yín wà lára irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ní October 1971, ìjọba ní kí àwọn tó gba Edward Medal tí wọ́n ṣì wà láàyè wá fi pààrọ̀ George Cross, àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ló gbà, àwọn kan kọ̀. Tí bàbá bá ti kú ṣáájú ìgbà yẹn, ìdí nìyẹn tí mẹ́dà rẹ̀ fi ṣì wà nílé.

Idẹ tó wà lára rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Orúkọ tó wà ní etí rẹ̀ làwọn èèyàn ń rà, àti ìwé tó sọ ohun tí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà ṣe. Mẹ́dà, àpótí, ríbọ́ọ̀nù àtijọ́, ìwé yẹn, ewé ìròyìn, fọ́tò bàbá tó bá wà: ẹ kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Ìyapa tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà pínpín ogún ni mo ń bẹ̀rù jù. Ẹnì kan á mú mẹ́dà, ẹnì kan á mú ìwé, kò sì ní sí ẹni tó tún lè so wọ́n pọ̀ mọ́.

Ìyá Kẹ́mi (Manchester)

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú nǹkan, nítorí náà ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi.

Àwọ̀ dúdú tó wà lára idẹ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ara idẹ náà ni, ọjọ́ ló sì mú un wá. Brasso táwọn sójà fi ń nu bọ́tìnnì, yanrìn tó kúnná gan-an ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi nù ún lẹ ń họ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, orúkọ etí ló sì ń kọ́kọ́ pòórá. Àwọn tó ń rà á mọ mẹ́dà tí wọ́n ti họ lójú, wọn kì í sì san iye tó yẹ lé e. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ nù ún gbẹ, tàbí kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú kí ẹ tó gbé e.

Ẹ má fi sínú àpò rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ń tà fún fọ́tò àti owó ẹyọ. Irú èyí tí wọ́n fi PVC ṣe máa ń bàjẹ́ bó bá pẹ́, ohun tó ń jáde lára rẹ̀ á sì sọ idẹ di aláwọ̀ ewé. Pépà tí kò ní ásíìdì ló dára, kò wọ́n. Ríbọ́ọ̀nù ńkọ́? Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má lọ ra tuntun kó lè rẹwà. Tó bá ti gbó jù láti gbé mẹ́dà ró, ẹ yọ ọ́, ẹ fi sínú àpòòwé tirẹ̀, kó wà nínú àpótí kan náà.

Ti ìwé yẹn ló jẹ mí lógún jù. Mo mọ̀ pé àwa ará ilé, tí a bá ti rí ìwé pàtàkì, lamineṣọ̀n ni, ká fi ẹ̀rọ gbígbóná lẹ ọ̀rá bò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Gbígbóná ẹ̀rọ náà àti góòmù rẹ̀ á ba ìwé jẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè tú u mọ́ láìya. Sẹ́lótéèpù náà kò sí nínú rẹ̀. Ẹ rọra tẹ́ ìwé náà sáàárín pépà méjì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa níwá lẹ́yìn, kó wá jókòó síbi tí oòrùn ò ti ní pa á.

Ìyá Ìbejì (Pontypridd)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gba Brasso lọ́wọ́ wọn. Ìwé yẹn ti ṣí díẹ̀: ó sọ orúkọ kùsà náà, ó sì sọ pé bàbá lọ fún ìgbà kejì láti gbé ọmọdékùnrin kan jáde. Ọkọ mi ò gbọ́ èyí rí láyé rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń kà á. Níbo la ti lè rí ìyókù ìtàn náà?

Àlàmú Owó-Àtijọ́ (Birmingham)

Inú mi dùn pé ó kà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti London Gazette, ìwé ìròyìn ìjọba tó ti wà láti 1665. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde Edward Medal, ìkéde náà sì sábà máa ń sọ ohun tí ẹni náà ṣe gan-an, nígbà mìíràn láti wákàtí dé wákàtí. Tí ẹ bá fi orúkọ bàbá wá a tí kò jáde, ẹ má sọ̀rètí nù. Kọ̀ǹpútà kì í ka ìtẹ̀wé àtijọ́ dáadáa. Ẹ fi orúkọ kùsà wá a, tàbí kí ẹ yan ọdún, kí ẹ sì fi ojú yín wo ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, Wales ṣe yín lóore kan tí Birmingham ò ṣe fún wa. Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Wales ti gbé àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ títí dé 1919 sórí Welsh Newspapers Online, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ewé ìròyìn tí wọ́n gé yẹn kì í sábà ní ọjọ́ lára, ibẹ̀ lẹ máa ti rí ọjọ́ rẹ̀. Ní ti ìwé ìjọba, National Archives ní Kew ni ìwé iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ìgbà yẹn wà.

Rhondda tún ni, ẹ ò mọ ibi tí ẹ ń gbé! Àwọn awakùsà àdúgbò yín ló jẹ́ kí òfin Albert Medal, àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà mìíràn, yí padà. Ní April 1877, omi ya wọ kùsà Tynewydd ní Porth, ó sé àwọn èèyàn mọ́ inú ihò lábẹ́ ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí omi fún mọ́ ibi tí wọ́n wà nìkan ló dá omi dúró lẹ́nu wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbẹ́ èédú ní ọ̀sán àti òru láti dé ọ̀dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé bí ògiri bá lu, afẹ́fẹ́ yẹn á tú jáde bí ìbọn. Ó ti pa ọ̀kan níṣojú wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó gbẹ̀yìn, tó jẹ́ ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n yọ wọ́n. Albert Medal tó wà nígbà náà, 1866 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn tó gbani lójú òkun nìkan ni wọ́n ń fún. Torí Tynewydd ni wọ́n ṣe fẹ̀ ẹ́ dé orí ilẹ̀.

Bàbá Ṣèyí (Leeds)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, torí ibẹ̀ ni ìjà ẹbí ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Iye tí òòlù bà lé, ìyẹn iye tó ga jù tí wọ́n pè ní gbàǹjo, kì í ṣe iye tí ẹ máa gbà, kì í sì í ṣe iye tí ẹni tó rà á máa san. Ilé gbàǹjo ń gba owó lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ká sọ pé òòlù bà lé £2,000. Ká tún sọ pé ilé gbàǹjo náà ń gba 24% lọ́wọ́ olùrà, pẹ̀lú VAT 20% lórí rẹ̀: £480 àti £96. Olùrà á san £2,576. Ká ní wọ́n ń gba 15% lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ tà á, pẹ̀lú VAT: £300 àti £60. £1,640 ló máa dé ọwọ́ yín. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń gba owó fọ́tò, owó ìṣọ́, àti owó bí kò bá tà. Kọmíṣọ́ọ̀nù olùtà ṣeé ná, ẹ má tijú.

Ẹ má gbé e fún ilé gbàǹjo àdúgbò tó ń ta àga àti àwo. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta mẹ́dà gan-an, bíi Noonans tàbí Spink, ní London. Àwọn tó ń wá Edward Medal kiri ayé ń ka kátálọ́ọ̀gù wọn. Kí ẹ tó pè wọ́n rárá, ẹ wo iye tí irú rẹ̀ ti tà tẹ́lẹ̀. Noonans, tí wọ́n ń pè ní Dix Noonan Webb kó tó di 2022, ní àkójọ ohun tí wọ́n ti tà sẹ́yìn lórí ìkànnì wọn. Ẹgbẹ̀rún pọ́ùn díẹ̀ ni onídẹ tó ní ìwé sábà máa ń mú wá, onífàdákà sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ iye tí ẹ ò ní gbà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rèé. Òfin Britain ní bí àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà bá dé ọwọ́ yín láìfowó rà á, bóyá ẹ̀yin lẹ gbà á tàbí ogún ni, èrè tí ẹ bá rí nígbà tí ẹ tà á kò ní owó orí èrè dúkìá nínú. Tí kò bá tíì sí ẹni tó tà á rí, kì í wọ ìṣirò owó orí ogún náà. Ẹ sọ fún lọ́yà tó ń bójú tó ogún ìyá. Ẹni tó rà á tó tún ń tà á kò sí lábẹ́ àánú yẹn o.

Adéọlá_S (Salford)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Èmi rírà ni tèmi. Mo fẹ́ràn ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n apá mi ò ká Edward Medal. Ṣé ohun tó kéré jù ú lọ wà? Báwo ni mo ṣe lè mọ ayédèrú?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Newcastle)

Àbúrò, ó wà. Wá Order of Industrial Heroism. Ìwé ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́, Daily Herald, ló dá a sílẹ̀ ní 1923, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló sì máa ń dárúkọ ẹni tó tọ́ sí. Eric Gill, agbẹ́-ère kan, ló ya àwòrán rẹ̀: Christopher Mímọ́ tó gbé ọmọdé Jésù kọjá odò. 440 ni wọ́n fún èèyàn títí ìwé ìròyìn náà fi kógbá sílé ní 1964. Ọba kọ́ ló fún wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ọba lọ. Nítorí pé kì í ṣe ti ìjọba, àwọn tó ń kó mẹ́dà ológun jọ kì í fi bẹ́ẹ̀ du ú, owó rẹ̀ sì fi ṣeé bá.

Èyí táwọn ará ìlú dáwó ṣe tún wà. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹ̀rọ ńlá tó ń fa omi kúrò nínú kùsà Hartley ṣẹ́ ní January 1862. Irin rẹ̀ já sínú kànga kan ṣoṣo tí kùsà náà ní, ó sì dí i pa. Èèyàn 204 kú, ọkùnrin àti ọmọdé. Àwọn tó gbẹ́ kànga náà láti dé ọ̀dọ̀ wọn gba mẹ́dà tí owó ará ìlú ṣe: góòlù fún William Coulson tó ṣíwájú wọn, fàdákà fún àwọn yòókù. Ọdún yẹn gan-an ni òfin jáde pé kùsà gbọ́dọ̀ ní kànga méjì. Èyí ṣọ̀wọ́n, tí o bá rí i, wà á mọ̀ látinú owó rẹ̀.

Ní ti ayédèrú, mẹ́dà gidi tí wọ́n parọ́ orúkọ sí lára lẹ̀rù rẹ̀ wà jù. Wọ́n á fi ayùn họ orúkọ tó wà ní etí, wọ́n á gbẹ́ orúkọ akọni sí i. Mú káliípà, wọn ìbú mẹ́dà náà ní ibi púpọ̀ yíká. Ibi tí wọ́n bá họ á kéré ju ibòmíràn lọ. Fi gíláàsì amú-nǹkan-tóbi wo etí rẹ̀: ṣé lẹ́tà náà jókòó sórí irin tó tẹ́jú, àbí sínú kòtò tó rọra jìn? Ṣé bó ṣe gbó dọ́gba pẹ̀lú ìyókù mẹ́dà? Wá fọ́tò irú rẹ̀ tí wọ́n ti tà rí, kó o fi lẹ́tà wé lẹ́tà. Tí ẹni tó ń tà á ò bá fẹ́ ya fọ́tò etí fún ẹ, kúrò níbẹ̀.

Sì wo ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú. Tí wọ́n bá ní bàbá kan gba George Cross dípò Edward Medal rẹ̀ ní 1971, bi wọ́n pé báwo ni Edward Medal náà ṣe dé ọjà. Ó lè ní àlàyé tó dáa. Jẹ́ kí wọ́n fi ìwé gbè é.

Tòkunbọ̀ (Pittsburgh)

Ẹ kú àárọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa níbí. Adéọlá, wo mẹ́dà akọni ti Carnegie pẹ̀lú. Ìlú kékeré kan nítòsí wa, Harwick, ni kùsà ti bú ní January 1904, èèyàn 179 kú. Méjì mìíràn wọlé láti yọ èèyàn, àwọn náà ò padà jáde: Selwyn Taylor, ẹnjiníà, àti Daniel Lyle, awakùsà. Ìyẹn ló mú kí Andrew Carnegie, olówó ilé iṣẹ́ irin, fi mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là kalẹ̀ lọ́dún yẹn fún àwọn akọni àti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Ti Britain bẹ̀rẹ̀ ní 1908 ní Dunfermline, ìlú tí wọ́n ti bí i. Mẹ́dà ti ọ̀dọ̀ wa tóbi, ìbú rẹ̀ tó íǹṣì mẹ́ta, ó sì máa ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tí a yọ, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀. Ìyẹn dára púpọ̀ fún ẹni tó ń wá ìtàn. Tó o bá ra èyíkéyìí láti Amẹ́ríkà, béèrè iye tí kọ́sítọ́ọ̀mù máa gbà ní Britain kó o tó pe owó lé e.

Ọmọ Sójà (Ìbàdàn)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ má bínú pé mo ń ya ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bàbá wa àgbà jagun ní Burma. Ìràwọ̀ idẹ kan ló fi sílẹ̀ fún wa, àti mẹ́dà rìbìtì méjì. Kò sí orúkọ lára wọn rárá. Ṣé ayédèrú ni?

Àlàmú Owó-Àtijọ́ (Birmingham)

Kì í ṣe ayédèrú nítorí ìyẹn. Àwọn ìràwọ̀ Ogun Àgbáyé Kejì tí Britain pín fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, wọn kì í kọ orúkọ sí i. Nítorí náà, ní ọ̀dọ̀ yín, ìwé ni gbogbo rẹ̀. Ṣé ìwé owó oṣù sójà bàbá wà? Ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Tí ẹ bá mọ̀ bóyá 81st tàbí 82nd West African Division ló wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìràwọ̀ Burma láìsí ìwé, owó kékeré ló ń mú wá. Bàbá kan náà, pẹ̀lú ìwé rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ nínú aṣọ ogun, àti ohun tó sọ fún yín nígbà tó wà láyé, ìyẹn ò ṣeé rí rà níbikíbi. Ẹ má tà á fún ẹni tó ń kiri ilé o. Tí àgbàlagbà kan bá ṣì wà tó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu bàbá, ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí.

Ìyá Kẹ́mi (Manchester)

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mi lórí títà náà, Ìyá Ìbejì. Tèmi ni pé kí ẹ má tà á. Big Pit ní Blaenavon jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé èédú fún Wales, kò jìnnà sí yín. Ẹ lè yá wọn láìfún wọn pátápátá, kí àdéhùn sọ pé ti ẹbí ni. Tó bá bọ́ sọ́wọ́ olówó kan, inú séèfù ló máa wà, àwọn ìbejì ò sì ní fojú rí i mọ́.

Bàbá Ṣèyí (Leeds)

Ìyá Kẹ́mi, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún ẹ̀gbọ́n obìnrin yẹn. Ogún tiẹ̀ náà ni. Bóyá ó ní gbèsè, bóyá òun ló tọ́jú ìyá nígbà àìsàn. Àwọn tó ń kó mẹ́dà jọ kọ́ ni ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń náwó wá ìtàn bàbá onílé ju bí ẹbí rẹ̀ ṣe ṣe lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sì ń kó nǹkan sí sítọ́ọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí fún ọdún gbọọrọ. Tí wọ́n bá fẹ́ yá wọn, kí wọ́n béèrè tààràtà: ṣé wọ́n máa gbé e síta, fún ìgbà wo, ta ló máa san owó ìbánigbófò?

Ọ̀nà kẹta tún wà. Kí ilé gbàǹjo tó mọ mẹ́dà sọ iye rẹ̀ fún wọn. Ẹni tó fẹ́ kó dúró nílé á fi owó tán àwọn yòókù lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí ìpín wọn. Mo ti rí i kó yanjú báyìí láìsí ìjà.

Ìyá Kẹ́mi (Manchester)

Ìyẹn dáa jù, Bàbá Ṣèyí. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ títà náà ni wọ́n ṣe, kí wọ́n da gbogbo ìwé kọ kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ.

Ìyá Ìbejì (Pontypridd)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. A ti rí i nínú Gazette. Orúkọ kùsà la fi wá a, bí Bàbá Àlàmú ṣe wí, wọ́n ti ṣì orúkọ bàbá kọ. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ló wà níbẹ̀: èéfín, òrùlé tó ń já lulẹ̀, bí ó ṣe rá kòrò lọ bá ọmọ náà. Ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ jáde, ó kà á fún àwọn ìbejì lédè Gẹ̀ẹ́sì, èmi sì tún un sọ fún wọn ní Yorùbá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kà á, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ́kọ́ béèrè iye rẹ̀ ná. Ọkọ mi fẹ́ san ìpín àwọn yòókù díẹ̀díẹ̀. A ti yọ fọ́tò kúrò lórí Facebook.

Ilé gbàǹjo ní London ní ká fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè fojú rí i. Ṣé pósì ni ká fi rán an?

Bàbá Ṣèyí (Leeds)

Ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò ránṣẹ́: ojú méjèèjì, etí rẹ̀ yíká, àpótí, ìwé. Fọ́tò tó láti fojú bu iye rẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn gbọ́dọ̀ rí i, kí ọkọ yín wọ ọkọ̀ ojú irin, kó gbé e lọ fúnra rẹ̀, kó gba ìwé tó sọ ohun gbogbo tó kó fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìfọwọ́sí. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá òṣìṣẹ́ wọn máa wá sí Cardiff, wọ́n máa ń jáde lọ yẹ nǹkan wò ní ìlú mìíràn. Tó bá di dandan kó jẹ́ pósì, Special Delivery ti Royal Mail, kí ẹ sì san owó ìbánigbófò tó ga jù. Ìwé àtijọ́ yẹn kó má bá a lọ, ẹ̀dà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.